Ta Ni Yóò Máa San Owó Ìtọ́jú Adágún Ẹlẹ́yẹlé?

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó jẹ gbogbo ará Ìbàdàn lógún, àti ọmọ onílẹ̀ àti àlejò tí ó fi ìlú náà ṣe ibùgbé, ni ọ̀rọ̀ adágún omi Ẹlẹ́yẹlé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè dá dá àwọn ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣèlú kan lè máa fi bú èkejì. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni pẹ̀lú. Ìbéèrè tí àwa fẹ́ gbé yẹ̀wò kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ìjọba bá ti yá owó, tí wọ́n sì ti fi tún adágún náà ṣe tán, ta ni yóò máa san owó tí a ó fi tọ́jú rẹ̀ lọ́dọọdún kí ó má baà tún bàjẹ́? Èsì tiwa ni pé àwa ará ìlú ni, nípasẹ̀ àwọn káńsù wa, láti inú àpò kan tí a yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà nìkan. Bí a bá kọ̀ tí a kò san díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, omi yóò gba gbèsè rẹ̀ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kì yóò sì gba owó nìkan.

Ó dára kí a kọ́kọ́ rántí bí adágún náà ti ṣe dé ibẹ̀. Kì í ṣe Ọlọ́run ni ó dá Ẹlẹ́yẹlé sílẹ̀ bí ó ti dá òkun àti ọ̀sà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó dí odò Ọ̀nà. Láti 1939 títí dé 1942, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, ni ìjọba àwọn òyìnbó mọ ìdídò tí gbogbo wa ń pè ní dáàmù, kí ìlú Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Kí ó tó di ìgbà náà, kànga àti odò ni àwọn ìyá wa ń pọn. Títí di ìgbà tí wọ́n ṣí dáàmù Aṣèjírẹ́ ní 1972, Ẹlẹ́yẹlé ni ìlú ńlá yìí gbójú lé jù lọ. Ilé-ìwòsàn mu nínú rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ mu nínú rẹ̀, ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́ mu nínú rẹ̀. Àwọn tí ó kọ́ ọ gbin igbó yí i ká kí ilẹ̀ má baà ya wọ inú omi, wọ́n sì fi ọ̀nà sílẹ̀ tí omi yóò máa gbà jáde nígbà tí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ọwọ́ ènìyàn náà ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Adágún tí a kò tọ́jú kì í kú lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń kú. Òjò a wọ́ iyanrìn láti oko àti láti ojú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà. Iyanrìn a dé inú adágún, a sì jókòó sí ìsàlẹ̀. Ilé tí a kọ́ sí etí omi a da ìdọ̀tí rẹ̀ sí i. Àwọn tí kò rí ibi da pàǹtírí sí a dà á sínú gọ́tà, gọ́tà a gbé e dé odò, odò a gbé e dé adágún. Koríko ojú omi a rí oúnjẹ jẹ nínú ìdọ̀tí náà, a sì bo gbogbo ojú adágún bí ẹní. Igbó tí ó yí i ká, wọ́n a gé e lulẹ̀ fún igi ìdáná, fún oko ẹ̀fọ́ àti fún ilé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àyè tí omi ń gbé á máa kéré sí i. Èyí mú ìpalára méjì wá. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi tí a ó fà fún ìlú kò tó. Nígbà òjò, adágún tí ó yẹ kí ó gba omi mọ́ra kò ní àyè láti gbà á, omi á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

Ìbàdàn ti rí ìbínú omi rí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí tí ojú wa rí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ọ̀gùnpa kún bo ilé àti ọjà, ó sì lé ní igba ènìyàn tí ó bá a lọ. Orúkọ tí ìlú fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni Omíyalé, àwọn àgbàlagbà sì tún ń dárúkọ náà pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọjá. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, odò Ọ̀nà àti àwọn odò mìíràn sì kọjá etí wọn. Omi gorí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, àwọn afárá wó lulẹ̀, títí kan èyí tí ó so Apẹtẹ mọ́ ìgboro, àwọn páìpù omi ẹ̀rọ fọ́, àwọn tí ó sì kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé wa: omi tí a dí kí ó lè fún wa ní ìyè ni ó yí padà tí ó ń gba ẹ̀mí. Òjò ọjọ́ náà pọ̀ lóòótọ́, a kò lè bá ojú ọ̀run ṣe àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n gọ́tà tí ó dí, odò tí a kọ́ ilé lé lórí, àti adágún tí iyanrìn ti kún, kì í ṣe ojú ọ̀run ni ó ṣe wọ́n.

Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni ìjọba tọ Báńkì Àgbáyé lọ. Ní ọdún 2014, báńkì náà fọwọ́ sí àwìn $200 mílíọ̀nù fún ètò ìdènà ìkún omi ní Ìbàdàn, àtúnṣe dáàmù Ẹlẹ́yẹlé sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n là sílẹ̀ nínú rẹ̀, pẹ̀lú afárá, gọ́tà ńlá àti ojú odò. A kò bá ẹnikẹ́ni wí fún owó yìí. Nígbà tí ilé bá ń jó, kì í ṣe àkókò tí à ń béèrè iye tí omi jẹ́. Èlé irú àwìn bẹ́ẹ̀ kò wúwo, ọdún tí a fi ń san án sì gùn. Síbẹ̀, kí ó yé tẹrú-tọmọ pé àwìn kì í ṣe ẹ̀bùn. Dọ́là ni a yá, dọ́là ni a ó san. Ní ọdún tí wọ́n fọwọ́ sí i, nǹkan bíi ₦160 ni a fi ń ra dọ́là kan. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa parí, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. Kí àwọn olùkọ́ fi èyí ṣe ìṣirò fún àwọn ọmọ wọn: $200 mílíọ̀nù ti ọdún 2014 jẹ́ nǹkan bíi ₦32 bílíọ̀nù, iye dọ́là kan náà, ní òpin ọdún 2024, lé ní ₦300 bílíọ̀nù. Gbèsè náà kò yí padà ní èdè ẹni tí ó yá wa lówó, ṣùgbọ́n ó ti ju ìlọ́po mẹ́sàn-án lọ ní èdè tiwa.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ náà ni pé ó tọ́ kí a yá owó láti kọ́ ohun tí yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a tún máa yá owó láti gbá ilẹ̀ rẹ̀. Bí a bá tún dáàmù ṣe lónìí, tí a kò sì ní owó tí a ó fi máa kó iyanrìn, tí a ó fi máa gé koríko ojú omi, tí a ó fi máa sanwó ìṣọ́ fún àwọn tí yóò máa ṣọ́ ọ̀nà àbájáde omi ní òru àti ní ọ̀sán nígbà òjò, ọmọ wa ni yóò tún lọ kúnlẹ̀ níwájú báńkì náà fún iṣẹ́ kan náà, nígbà tí kò tíì san gbèsè àkọ́kọ́ tán. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Ẹnìkan lè wí pé, «Ṣé kì í ṣe ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni dáàmù? Kí ni ó kan káńsù?» Òtítọ́ ni pé ilé-iṣẹ́ omi ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ń fa omi Ẹlẹ́yẹlé. Ara dáàmù náà, ẹ̀rọ rẹ̀ àti páìpù rẹ̀, ẹrù ìpínlẹ̀ ni, kò sì yẹ kí káńsù gbà á rù. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń pa adágún náà kò ti inú dáàmù wá. Inú gọ́tà, inú ààtàn àti etí odò ni ó ti ń wá. Ẹ ṣí ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 1999, ní apá tí ó ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀: ẹ ó rí i pé ọwọ́ káńsù ni ó fi ìtọ́jú gọ́tà àti ojú ọ̀nà sí, ọwọ́ káńsù ni ó fi kíkó pàǹtírí sí, ọwọ́ káńsù náà ni ó sì fi dídá iye lé ilé sí, kí a lè gba owó-orí ilé gẹ́gẹ́ bí Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ti là á sílẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ náà ń bẹ, ọ̀nà owó náà sì ń bẹ, nínú ìwé kan náà. Ohun tí kò sí ni ìpinnu.

Òmíràn yóò wí pé owó káńsù kì í dé ọwọ́ káńsù. Ẹjọ́ yẹn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sí ọwọ́ wọn, kí gómìnà kankan má sì dá a dúró. Ọjọ́ tí a bá gba òmìnira ni a gba ẹrù rẹ̀ pẹ̀lú. Alága káńsù tí ó ń yọ̀ sí ìdájọ́ náà, kí ó múra láti fi ìwé owó han ìlú, nítorí a ó bi í léèrè ohun tí ó fi òmìnira náà ṣe.

Ìṣòro kan wà tí ó tóbi ju èyí lọ, òun sì ni pé Ìbàdàn kò ní káńsù kan ṣoṣo mọ́. Láti ọdún 1991 ni a ti pín ìgboro sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún, mẹ́fà sì yí i ká: Akínyẹlé, Ẹ̀gbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Mọ́kànlá ni gbogbo wọn. Odò kò mọ ààlà tí a fà sórí ìwé. Iyanrìn tí ó ṣí ní ilẹ̀ káńsù kan ni ó ń kún inú adágún tí ó wà ní ilẹ̀ èkejì, omi tí ó bọ́ láti ibẹ̀ sì ń wó ilé ní ilẹ̀ ẹ̀kẹta. Bí káńsù tí ó wà ní ìsàlẹ̀ bá gbá gọ́tà rẹ̀ mọ́ tónítóní, tí èyí tí ó wà lókè kò sì ṣe bẹ́ẹ̀, asán ni làálàá rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn káńsù mọ́kànlá yìí jókòó pọ̀, kí wọ́n dá àpò kan sílẹ̀ fún adágún Ẹlẹ́yẹlé àti àwọn odò tí ó ń wọ inú rẹ̀, kí oníkálùkù máa dá owó sí i lọ́dọọdún gẹ́gẹ́ bí iye ilé tí ó wà ní ilẹ̀ rẹ̀ bá ti pọ̀ tó, kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì dá tirẹ̀ láti inú owó omi tí ó ń tà.

Kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àlá ni a ń lá, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú kan tí ó ti ṣe irú rẹ̀ ní òkèèrè. Ní ìlú Oakland, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, adágún kan wà ní àárín ìgboro tí wọ́n ń pè ní Lake Merritt. Orúkọ Samuel Merritt ni wọ́n fi pè é, ẹni tí ó jẹ́ olórí ìlú náà tí ó sì mú kí wọ́n dí omi ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1869. Òun náà di ibi ìdọ̀tí nígbà kan, nítorí ìgbẹ́ ilé àti pàǹtírí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, a gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwọn olùdìbò ìlú náà: ṣé kí ìlú yá $198.25 mílíọ̀nù láti fi tún adágún náà àti etí omi ìlú ṣe, kí wọ́n sì máa san án padà láti inú owó-orí ilé àti ilẹ̀? Òfin wọn ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó kọjá. Nínú ènìyàn márùn-ún tí ó dìbò, bí mẹ́rin ni ó wí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣí ọ̀nà omi tí títì gbòòrò kan ti dí pa, wọ́n sì mọ afárá dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ọgbọ́n wà ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Wọ́n rí i pé owó tí a yá láti kọ́ nǹkan kò ṣe é fi tọ́jú nǹkan. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n tún dìbò, wọ́n sì gbà láti máa san $148 lórí ilé ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún fún ogún ọdún, èyí tí apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà fún ìtọ́jú àwọn ọgbà ìtura ìlú. Wọ́n fi àwìn kọ́ ọ, wọ́n fi owó-orí tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní ọrọ̀ jù wá lọ, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí wọ́n lò kì í ṣe ọgbọ́n olówó nìkan.

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó-orí kì í dùn létí ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì ní ìdí. Ìtàn méjì ni ó yẹ kí a fi sójú kan. Èkíní ni ti ìwọ̀n ọdún 1953, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bù 10s. 6d. lé owó-orí fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ìlú kùn gidigidi, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè sì pàdánù ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní agbègbè náà ní ọdún 1954. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, àwọn tí ó kùn sì rí ọmọ wọn tí ó ń gbé síléètì lọ sí kíláàsì. Èkejì ni ti ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ dìde ní orúkọ Àgbẹ́kọ̀yà. Wọ́n ní owó kòkó kéré, ọ̀nà oko kò dára, àwọn agbowó-orí àti wolé-wolé ń ni wọ́n lára, wọn kò sì rí ohun tí a ń fi owó wọn ṣe. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn kí ìjọba tó dín owó-orí náà kù. Kí ni ó ya ìtàn méjèèjì nípa? Nínú ti ìṣáájú, ojú rí ohun tí ọwọ́ san. Nínú ti ìkẹyìn, ọwọ́ san, ojú kò rí nǹkan.

Nítorí náà ni a fi ń gbé ìlànà mẹ́rin kalẹ̀, bí a óò bá dá owó adágún sílẹ̀. Èkíní, kí owó náà wà ní àpò ọ̀tọ̀, kí a má sì fi kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ ra mọ́tò fún alága tàbí aṣọ fún àpèjẹ. Èkejì, kí ìwọ̀n owó tẹ̀lé ìwọ̀n ilé: ilé ìtura ńlá, ilé epo àti ilé-iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ san iye kan náà pẹ̀lú opó tí ó ń gbé inú ilé alámọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kí a má sì jẹ́ kí onílé fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù ayálégbé. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá kọ́lé sí ojú odò tàbí tí ó da ìdọ̀tí sí inú adágún san ìtanràn sínú àpò yìí kan náà, ìbáà ṣe ọlọ́lá, ìbáà ṣe mẹ̀kúnnù. Ẹ̀kẹrin, kí a máa kọ iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde sí ara pátákó ní gbogbo ọfíìsì káńsù lóṣooṣù, ní èdè Yorùbá, kí a sì kà á ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ọjà.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ yín ń bẹ nínú èyí. Ẹ̀yin ni ẹ lè ka ìwé ìṣirò káńsù, kí ẹ sì sọ ọ́ fún àwọn òbí ní èdè tí yóò yé wọn. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí odò tí ó wà nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ yín, kí ẹ fi ibi tí omi ti ń wá àti ibi tí ó ń lọ hàn wọ́n. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ọ̀rá tí òun sọ sí gọ́tà lè ti dé Ẹlẹ́yẹlé kí oṣù tó parí, ọmọ náà yóò bá ìyá rẹ̀ wí.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ọ̀rọ̀ wa sí yín kò pọ̀. Nígbà tí ẹni tí ó fẹ́ jẹ́ káńsẹ́lọ̀ bá wá sí àdúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí ó fi ìlù àti ìrẹsì tàn yín lọ. Ẹ bi í pé: èló ni ìwọ yóò yà sọ́tọ̀ fún gọ́tà àti fún adágún ní ọdún kìíní, níbo ni yóò sì ti wá? Bí kò bá lè dáhùn, ìbáà jẹ́ ti ẹgbẹ́ yín, kò yẹ fún ìbò yín. Omi kò béèrè káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní ọdún 2011.

Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni à ń tún òrùlé ṣe, kì í ṣe nígbà tí òjò bá ti ṣú. Kí àwọn alága káńsù mọ́kànlá pe ìpàdé kí òjò tó tún bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì sọ iye tí oníkálùkù yóò dá fún ìlú gbọ́. Àwa ará ìlú yóò san tiwa. Ẹ̀tọ́ wa sì ni kí a rí ohun tí wọ́n fi ṣe.